Ihò Kan Lára Ògiri Ilé Ìdáná Ọkọ̀

Káfíńtà kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò, Ọwọ́yá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ohun tó bá bàjẹ́, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti tún un ṣe. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lóde òní. Wọn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọwọ́yá, bí òòlù bá sọnù, èékánná lo máa fi kan ìṣó!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ wà lára èrò. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Èébì tí ìgbì omi ń fà ti dá a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ní yàrá tó fara ti ilé ìdáná. Ọwọ́yá ń gbé omi mímu lọ fún un ni agogo ìkìlọ̀ ké.

"Iná o! Iná nílé ìdáná!"

Òróró gbígbóná ló gbiná. Alásè sá jáde. Ẹnjiníà ọkọ̀, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹ́ńjìnnì, ti ilẹ̀kùn irin pinpin.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Irin ni ògiri yìí. Òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe ni wọ́n fi bò ó, iná kì í jó o. Á dá iná dúró fún wákàtí kan gbáko. Kó tó di ìgbà yẹn, a ó ti pa á."

Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, àfi ti Ọwọ́yá.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn èrò ń ké ooru, alásè sì bẹ̀ ẹ́ kó fa wáyà fáànù láti ilé ìdáná bọ́ sí yàrá náà. Ó lu ihò sára ògiri. Fóòmù ìrọ̀rí ló kì bọ ihò náà, ó kùn ún lọ́dà. "Ta ló máa mọ̀?"

Bí ó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ ńkọ́?

"Màmá, ẹ dákun, ihò wà lára ògiri yẹn."

"Ihò kẹ̀? Ta ló lù ú?"

"Èmi ni, mà. Fóòmù ni mo fi dí i."

"Fóòmù! O fi iná sórí òrùlé, o wá lọ sùn! Ta ló wà ní yàrá kejì?"

"Ìyàwó mi ni."

Màmá kò bá a wí mọ́. "Rẹ aṣọ sínú omi, fi bo imú. Máa bọ̀!"

Èéfín dúdú ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọwọ́yá pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ ohùn. Wọ́n rákòrò wọlé. Ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n bá a. Wọ́n wọ́ ọ jáde síta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kò mira. Kò mira. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ó ń tàpá," ló wí, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n pa iná tán, Màmá mú Ọwọ́yá lọ wo ògiri. Gbogbo rẹ̀ dúró digbí. Láti ojú ihò náà nìkan ni ipa èéfín dúdú ti fà dé orí ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀.

"Ògiri ṣe iṣẹ́ tirẹ̀," ló wí. "Kò sí ihò kékeré lójú iná. Èéfín ló sì máa ń ṣáájú iná pààyàn."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹ má ṣe lu ihò sára ògiri ìdènà iná láìgba àṣẹ. Bí wáyà tàbí páìpù bá gbọ́dọ̀ gbà á kọjá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fi ohun tí iná kì í jó dí ihò náà, kí alábòójútó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi nǹkan há ilẹ̀kùn ìdènà iná kó lè wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin èrò, bí ẹ bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ẹ tètè sọ. Ẹni tó bá sì ti ṣàṣìṣe, kó yára jẹ́wọ́. Ìtìjú kì í pààyàn bí èéfín.