Ọwọ́ Tó Ń Fẹ́ Ẹwìrì

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1968, mọ́tò tó ń fún dùùrù ilé ìjọsìn ní atẹ́gùn jóná. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn kò ní tún un ṣe. Tí ọdún bá parí, wọn yóò tú dùùrù náà, wọn yóò ra èyí tó ń lo iná, tí kò nílò atẹ́gùn.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ kò tíì parí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Orin alápá márùn-ún kan ló ń kọ́, èyí tí ẹnì kan kọ fún dùùrù nìkan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìyá ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí dùùrù yìí kan náà, ikú ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Ẹwìrì àtijọ́, tó ń fún un ní atẹ́gùn kí mọ́tò tó dé, ṣì wà nínú dùùrù náà, àfi kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè sí dígí kékeré tó wà lókè orí rẹ̀, tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó sì rí káfíńtà kan tó ń tún àga ìjọ kàn. Lẹ́búlẹ́bú igi ti sọ irun ojú ọkùnrin náà di funfun bíi ti arúgbó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ yín dí?"

"Ọwọ́ mi dí, Àǹtí, etí mi ni ò dí. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé káfíńtà ń wá lọ́sàn-án Sátidé, tó ń gbé ọ̀pá ẹwìrì sókè sódò. Tí ohùn dùùrù bá ti ń rẹlẹ̀, ọmọbìnrin á figbe ta: "Ẹ fẹ́! Ẹ má dúró, ẹ fẹ́!"

Ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni kó fẹ́ ta?"

"Ẹwìrì ni mo ní kó fẹ́, Bàbá."

Káfíńtà nu òógùn ojú. "Ẹwìrì nìkan kọ́ o, sà."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò tọ́ ọmọ mi fún ẹni tó ń kan àga." Ó ní kí káfíńtà má tún wọ ibẹ̀ mọ́.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá ń fẹ́ ẹwìrì. Agbára rẹ̀ gbé apá mẹ́rin. Apá karùn-ún, tó ń gba atẹ́gùn bí ẹni pé kò ní yó, agbára rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n tú dùùrù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Lọ pe ọkọ rẹ wá."

Ọmọbìnrin náà sáré lọ pe káfíńtà. Nígbà tó padà dé ìdí dùùrù, orí méjì ló ń rí nínú dígí, ti bàbá rẹ̀ tó funfun àti ti káfíńtà tó dúdú, tí wọ́n jọ ń lọ sókè sódò.

"Ṣé ẹ ṣì ń fẹ́?"

"Mo fẹ́, olólùfẹ́ mi. Títí ayé ni mo fẹ́!" ni káfíńtà dáhùn.

"Ẹ ó fẹ́ra yín tó bá yá," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká fẹ́ eléyìí ná!"

Apá karùn-ún ń lọ. Bàbá ń sunkún, kò sì dá ọwọ́ dúró. Ó ku ojú ìwé kan ṣoṣo nígbà tí awọ ẹwìrì ya. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìka ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí dùùrù. Káfíńtà wá, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Dùùrù náà ti lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.