Iná Inú Súìṣì Ọwọ́ Òsì

Gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ Orin ló wà nílẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀. Aṣọ rẹ̀ ti tutù, omi sì ti dárogún sórí àga. Mo ní kó yí gíláàsì sókè kó tó ba iṣẹ́ jẹ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Àǹtí Merle, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára."

Réwáyà ni mí. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló fi ṣọ́ọ̀bù tó wà létí Kánálì Kejì sílẹ̀ fún mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tú ikùn ọkọ̀, n kì í sì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè ń dẹ́rù bà. Àwọn tó bá sọ pé àwọn rí iwin létí omi, mo máa ń bi wọ́n pé ìgò mélòó ni wọ́n mu. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Orin Prowell ló fẹ́ gbé àbúrò mi, Yonette, níyàwó. Yonette ti pé ọdún mọ́kàndínlógójì, ó ti mọ́kàn kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kí Orin tó dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Orin. Shondell, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ti bá omi lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn nínú ọkọ̀ yìí kan náà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, ọkọ̀ yà bàrá, ó kó sínú kánálì. Orin gba ojú gíláàsì tiẹ̀ jáde. Shondell ò jáde.

"Kò rí súìṣì tó ń ṣí gíláàsì ni," Orin wí fún mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ti ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ló níná. Ibi tó kù, dúdú ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi iná sí gbogbo wọn, Àǹtí mi, kí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ lè rí i."

"Nítorí Yonette?"

Ó kọ́kọ́ wo àga ọwọ́ òsì kó tó dá mi lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí Yonette."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo ní nínú ara mi pé àbúrò mi ti rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò le, sùúrù ló gbà. Wàá yọ súìṣì kúrò lára ilẹ̀kùn, wàá tú u, wàá fi gílóòbù LED tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sínú rẹ̀, wàá sì fa wáyà láti ibi iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí gbogbo wọn lè jọ máa tàn pọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Shondell jókòó sí; ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nílùú tiwa. Orin ti fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán ọṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú súìṣì yẹn, ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì gbẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹrẹ̀ ṣì tutù, ó ń rùn bí ewé òṣíbàtà tó ti jẹrà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ̀ ọ́, mo fi gílóòbù sí i, mo dá a padà. Gílóòbù funfun ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jẹ ìrẹsì alẹ́wà lọ́sàn-án, mo sì padà sídìí iṣẹ́. Kí n tó lọ ni mo ti yọ bátìrì, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀, súìṣì ọwọ́ òsì ń tàn.

Ó ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa. Ẹ ti fi ọwọ́ bo ojú tọ́ọ̀ṣì rí? Bí ẹran ara ṣe máa ń pọ́n nígbà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Iná náà á funfun, á pupa, á tún funfun. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti pupa, mo ń gbọ́ ìró kékeré kan, kẹ́, etí súìṣì á sì rì wọlé, á tún yọ. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ kí gíláàsì lè sọ̀ kalẹ̀ ló ń rì.

Mo na ìka sí i. Ó tutù, omi wà lójú rẹ̀. Ó sì rì lábẹ́ ìka mi kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Orí mi wú. Mo jáde, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódì kejì ọ̀nà, mo gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ àti àwọn kan tí n kò mọ̀ délẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyà mi rọlẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi. Mo ti tún ọkọ̀ tí wọ́n fà jáde nínú kánálì yìí ṣe rí, tí iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn lábẹ́ omi nígbà tí wọ́n rí i. Iná bátìrì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó bá ń tẹ súìṣì léraléra báyìí ti rí súìṣì. Òkùnkùn kọ́ ló pa á. Kí ló dé tí gíláàsì ò fi ṣí?

Mo padà wọlé, mo tú pákó súìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, èyí tó ń darí gbogbo gíláàsì. Ibẹ̀ ni bọ́tìnì kékeré kan wà tí awakọ̀ máa ń tẹ̀ bó bá fẹ́ ti gíláàsì àwọn yòókù, kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣí nǹkan. Ẹrẹ̀ gbígbẹ yí gbogbo bọ́tìnì tó kù lọ́rùn. Mo tẹ èyí, ó ta sókè, ọrùn rẹ̀ sì mọ́, ó ń dán. Ẹrẹ̀ ò dé ibẹ̀ rárá. Ó ti wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí omi wọlé.

Orin dé ní aago mẹ́rin láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. N kò kí i.

"Orin, ta ló ti gíláàsì?"

Kò bi mí pé gíláàsì wo. Ó jókòó sórí táyà kan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"À ń jà ni, Àǹtí. Ó ní òun á yọrí síta, òun á ké sí àwọn tó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo máa ń fojú òun rí nílé. Mo bá yí gíláàsì sókè, mo tì í."

"Nígbà tí ẹ kó sómi ńkọ́?"

"Mo gbàgbé. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán kí n tó rántí. Ọwọ́ mi kan ṣì wà nínú ọkọ̀. Ìka kan péré ló kù kí n nà."

"O nà án?"

Ó mi orí pé rárá. "Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Títí dòní ni mo ń gbọ́ ọ. Mo ní bóyá tí mo bá ṣí gíláàsì sílẹ̀ fún un, á lọ. Kò lọ. Mo wá ní bóyá tí iná bá wà, á rí ọ̀nà."

Shondell ló fẹ́ fi iná náà sí fún. Inú bí mi débi pé mo gbé pláyà, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní kó kúrò níwájú mi.

Ilé ìdáná ni mo ti bá Yonette, ó ń da ọtí sórí èso gbígbẹ tó fẹ́ fi ṣe kéèkì ìgbéyàwó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbójú sókè.

"Nígbà tí Compton wá, ẹ ní ọ̀mùtí ni. Leyland wá, ẹ ní ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ní báyìí, òkú ló tún ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, Yonette!"

"Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń di ẹ̀bi ru ara rẹ̀. Àǹtí mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ́kọ."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ìgbálẹ̀ ni mo fi lé Compton lóòótọ́.

Bí mo bá kọ iṣẹ́ náà, Orin á gbé e lọ fún réwáyà mìíràn, Yonette á sì jókòó sínú rẹ̀ síbẹ̀. Mo bá fi iná sí gbogbo súìṣì bó ṣe ní kí n ṣe é. Kí n tó dé pákó awakọ̀ padà, mo gé wáyà ìtìgíláàsì, mo yọ bọ́tìnì rẹ̀ dànù. Kò sí ẹni tó tún máa ti àbúrò mi mọ́nú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí Orin wá gbé e, mo sọ fún un.

Jìnnìjìnnì bò ó. "Gbogbo súìṣì ló wá ń ṣiṣẹ́ báyìí? Tọwọ́ òsì náà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

"N kò dá a padà. Bó o bá fẹ́ gbé Yonette, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa gbé e."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, aago méjì ọ̀sán, oòrùn ràn yòò. Wọ́n ń lọ rí pásítọ̀ lórí ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn tó ń gé koríko létí kánálì ló wá ké sí mi pé ọkọ̀ Orin ti kó sómi. Mo sáré lọ láìwọ bàtà. Yonette wà lórí koríko, ó ń pọ omi, ó wà láàyè. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ jáde, gíláàsì ọwọ́ òsì wà nílẹ̀, tọwọ́ ọ̀tún wà lókè gbọn-in. Òkú Orin wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí súìṣì. Àwọn ọlọ́pàá bi mí ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ náà, mo sì sọ òtítọ́. Wáyà kan ni mo gé. Mo gé e kí obìnrin tó bá jókòó níbẹ̀ lè ṣe bó ṣe wù ú, n kò sì bi ara mi pé obìnrin wo.

Lọ́jọ́ kẹrin ìjàǹbá náà, mo gbé tíì fún Yonette, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú.

"Orin ò fọwọ́ kan nǹkan kan," ó wí. "Gbogbo gíláàsì ṣàdédé gòkè fúnra wọn. Ó wo dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn, kò sì wo ọ̀nà mọ́."

"Má sọ ọ́ bí kò bá rọrùn."

"Omi ti dé ọrùn mi, Àǹtí. N kò rí nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn wá, ó mú ìka mi, ó gbé e lé súìṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú mi."

Mo bi í bóyá ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi bi í bẹ́ẹ̀.

"Ó ní, 'Jáde, àbúrò mi. Èmi àti ọkọ mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ wa.'"