Gìtá Tó Yadi

Tabitha, opó Thomas, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́. Òun ló rí òkú ọkọ rẹ̀. Thomas dojú bolẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti gìtá ṣe ní Kábà, òòlù ara rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn nírun. Gìtá oníná kan, àlòkù tí ìjọ wọn rà, wà lórí tábìlì. Wọ́n ti dé e padà, okùn rẹ̀ sì pé.

Kí ọlọ́pàá tó dé ni Tabitha ti nàka sí Ọlọ́runfẹ́mi, àbúrò ọkọ rẹ̀. Òun ló ń ta gìtá náà nínú ìjọ. Lọ́jọ́ ìkórè, gìtá yadi mọ́ ọn lọ́wọ́ bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, tọmọdé tàgbà sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ tí Thomas kú, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti pariwo mọ́ra wọn nítorí gìtá yìí kan náà. Àwọn fijilánté gbé ọwọ́ Ọlọ́runfẹ́mi lé orí òkúta, wọ́n bi Tabitha pé ibo ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọwọ́ tó fi pa á ni," ni Tabitha wí.

Ọmọ odó ni wọ́n fi fọ́ ìka rẹ̀, tọ̀tún tòsì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Bọ́ládé, obìnrin Ìsánlú kan tí kì í gbóhùn sókè, ló gba ẹjọ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó mú Ọlọ́runfẹ́mi lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì, kó lọ jẹ́jọ́ ìpànìyàn. Tabitha ló kọ́kọ́ pè.

"Okun o, Màmá," ni Bọ́ládé kí i. "Ṣé ọkọ yín ti tún gìtá yìí ṣe tán?"

"Ìjọ ò tíì wá wò ó. Ọkọ mi kì í tún nǹkan ṣe àfi kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí àlébù. Á tú u, á wò ó, á dé e padà títí wọn ó fi dé. Ẹ mọ àwọn ará ibí. Bí ẹ bá tún rédíò wọn ṣe lẹ́yìn wọn, wọn á ní ẹ ti yọ èyí tó dáa nínú rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọlọ́runfẹ́mi ò lè di ṣíbí mú mọ́?"

"Ọkọ mi náà ò lè di nǹkan mú mọ́."

Ẹni kejì ni Olúṣínà. Òun ló ń ta gìtá kí ìjọ tó gbà á fún Ọlọ́runfẹ́mi, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá ohun-èlò orin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo kọjá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́," ló wí. "Thomas ti tún un ṣe. Gìtá náà ń ké nínú sípíkà, mo gbọ́ ọ láti ojú títì. Mo sì gbọ́ ohùn Fẹ́mi, ó ń bá a jà."

"Orin wo ni Thomas ń ta?"

"Orin ìkórè tó dàrú mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Màdáámú, ẹ má da ara yín láàmú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ṣé ẹ mọ gìtá ta ju Fẹ́mi lọ ni?"

"Ẹ bi ìjọ. Àbí ta ló tún kù tó lè ta á?"

Bọ́ládé gbé gìtá àti sípíkà lọ bá Ọlọ́runfẹ́mi. Wọ́n ti fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"N ò mọ gìtá," ni Bọ́ládé wí. "Ìwọ máa sọ, èmi ó máa ṣe é."

"Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́."

Kò dún.

"Ẹ pààrọ̀ wáyà."

Bákan náà ni.

"Ẹ yí bọ́tìnì ohùn síwá sẹ́yìn. Bó bá ń hó, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́."

Kò hó.

"Ó ku píkọ́ọ̀pù, òòfà tó wà lábẹ́ okùn yẹn. Òun ni etí gìtá, ẹyọ kan péré sì ni eléyìí ní. Ẹ fi sukurudiráfà kàn án jẹ́jẹ́. Bó bá dún kọ, kọ, ó ṣì ń gbọ́."

Bọ́ládé kàn án. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ sípíkà lẹ́nu.

"Ẹ tú u."

Wáyà tó ti abẹ́ píkọ́ọ̀pù wá ti di méjì. Ojú ibi tó ti já mọ́ tónítóní, bí èyí tí a fi bíléèdì gé. Kò sí lẹ́ẹ̀dì tuntun kankan, èyí tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà pọ̀, níbẹ̀. Ọlọ́runfẹ́mi wò ó pẹ́.

"Gbogbo ẹ̀rín ọjọ́ yẹn," ló wí, "ẹnìkan ló jókòó gé e fún mi."

Ní àárọ̀, Bọ́ládé pe Tabitha àti Olúṣínà sí tésàn. Ó ti dé gìtá padà bó ṣe wà.

"Ẹ bá wa ta orin tí ẹ gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà."

Olúṣínà fi ìdùnnú gbé e kọ́rùn. Ó ta á, kò dún. Ó yí bọ́tìnì, ó fa wáyà, ó tún ta á.

"Ó ti tún bàjẹ́," ló wí.

"Kò dára rí láti ọjọ́ ìkórè. Wáyà inú rẹ̀ ṣì wà bí ẹ ṣe gé e. Ká ní Thomas ti tún un ṣe ni, lẹ́ẹ̀dì ì bá wà lójú rẹ̀. Ẹ bá a ní dídé, okùn pé, ẹ wá rò pé ó ti parí iṣẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé ṣe ló dé e de ìjọ, kí wọ́n lè wá fojú rí ojú bíléèdì. Gìtá tí kò lè fọhùn lẹ gbọ́ láti ojú títì. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, yàtọ̀ sí yín?"

Olúṣínà gbé gìtá sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, òun fún mi di àárọ̀. Èmi tí mo kọ́ àbúrò rẹ̀! Ló bá kẹ̀yìn sí mi, ó ń to irinṣẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí." Ó yíjú sí Tabitha, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ kí gìtá bọ́ lọ́wọ́ Fẹ́mi, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ kan ìka rẹ̀ o. Ìwọ lo bá mi ṣe ìyẹn."



Nígbà tí wọ́n tú Ọlọ́runfẹ́mi sílẹ̀, ó bá Tabitha lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tésàn, gìtá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìjọ ní kí n gbé e fún yín. Wọ́n ti tún un ṣe."

"Ìyàwó wa," ni Ọlọ́runfẹ́mi wí, "ọwọ́ wo lẹ fẹ́ kí n fi gbà á?"

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mọ́tò tó ń lọ sí Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ ń dúró lójú títì. Awakọ̀ ló bá a ṣílẹ̀kùn, òun náà ló bá a tì í. Tabitha gbé gìtá sókè kí ó lè rí i, títí mọ́tò fi ṣí. Ọlọ́runfẹ́mi kò wẹ̀yìn.