Fèrèsé Kẹjọ

Fèrèsé méje ni obìnrin aránṣọ kan fi téèpù wọ̀n lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó dúró nínú ọgbà láti wò ó bóyá ìlà kọ́tìnnì yóò dọ́gba lójú ẹni tó bá ń wò ó láti ìta, mẹ́jọ ló kà. Ó tún un kà. Mẹ́jọ náà ni. Ẹ̀kẹjọ wà ní ìpẹ̀kun ògiri lápá òsì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti já pákó àti ewé tó bò ó kúrò ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Gíláàsì rẹ̀ dúdú fún eruku, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́tìnnì náà mọ́, wọ́n sì ti ṣẹ́ ẹ létí.

Ilé olówó kan tó ti kú ni. Láyé ìgbà tó fi wà láyé, bí o bá fẹ́ gba iwájú ilé náà kọjá, ńṣe ni o ó máa rọra gbẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ogún náà títí kò fi ku nǹkan kan ju ògiri lọ, wọ́n bá tà á. Àwọn tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì ńlá, irú èyí tí ọṣẹ ìwẹ̀ ibẹ̀ wọ́n ju oúnjẹ ilé ẹlòmíràn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń darí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé náà. Nítorí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Wákàtí-ò-dúró.

Aránṣọ náà ní ìdí tirẹ̀ tó fi gba iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ti ránṣọ nínú ilé kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ nígbà tí ìyá náà jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sì padà wálé. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe bírikilà, ló jókòó tì í. Ó ní, "Ìyá rẹ ti bá ọkùnrin lọ. Má sunkún nítorí ẹni tí kò sunkún nítorí rẹ." Ọmọ náà gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Kò sunkún mọ́, ìkórìíra ló kù. Nígbà tí òun náà bímọbìnrin, tí àwọn ẹbí ní kí wọ́n fi orúkọ ìyá àgbà sọ ọ́, ó ní kí wọ́n kúkú fi orúkọ ajá sọ ọ́. Ó gba iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo gbogbo ibi tí ọwọ́ obìnrin yẹn ti kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fi kọ́tìnnì mẹ́ta tí kò tíì ṣẹ́ létí sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, ẹnì kan ti bá a ṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létí. Bẹ́ẹ̀, kò sí aránṣọ mìíràn nínú ilé náà. Ó fa òpin òwú wò. Àlùmọ́gàjí kọ́ ni wọ́n fi gé e, eyín ni. Itọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó tutù mọ́ ọn níka.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń fi eyín gé òwú. Nígbà tó wà ní kékeré tó fẹ́ fara wé e, igbájú ìyá rẹ̀ ló jẹ. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ kẹta kò lọ jẹun. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè títí àwọn káfíńtà fi jáde, tí ilé pa lọ́lọ́. Nígbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri tó parí ọ̀dẹ̀dẹ̀: máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, tàkà-tàkà-tàkà. Yóò dún, yóò dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi gé òwú, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ pe bírikilà tó ń rẹ́ ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí."

Ọkùnrin náà fi etí lé ògiri. Ó yára gbé orí kúrò. "Àǹtí, wọ́n ní kò sí yàrá níbẹ̀."

"Fèrèsé wà níbẹ̀."

Bírikilà fi ìka kan ògiri, ó sì dún bí ohun tó ṣófo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o."

Inú Wákàtí-ò-dúró dùn nígbà tí wọ́n sọ fún un. "Yàrá kan tún kún un! Ẹ fọ́ ọ, ẹ fọ́ ọ."

Bírikilà kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò nísàlẹ̀ ògiri láti wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ìka mẹ́ta ti fara hàn nínú sìmẹ́ńtì, èyí tó wà láàárín kò ju ààbọ̀ lọ. Àmì ọwọ́ oníṣẹ́ ni, tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù. Ẹ̀rọ bíríkì ti gé ààbọ̀ ìka àárín bàbá aránṣọ náà kí wọ́n tó bí i, kò sì sí igun yàrá kan nínú ilé tí àwọn méjèèjì ń gbé tí ọwọ́ yẹn kò tẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ.

Òórùn òkú kọ́ ló jáde, òórùn epo máṣíìnì ni. Kọ́tìnnì kún inú yàrá náà títí kan àjà, wọ́n ti ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ létí, wọ́n sì ká wọn dáadáa. Máṣíìnì wà láàárín wọn, kò sí eruku kankan lórí rẹ̀. Egungun èèyàn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, nínú búláòsì aláwọ̀ aró tí aránṣọ náà ti fi ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí lára ìyá rẹ̀ nígbà tó ń jáde nílé. Bírikilà ṣí fìlà. Aránṣọ náà fọwọ́ kan àgbá kẹ̀kẹ́ máṣíìnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o, mà," ni Wákàtí-ò-dúró sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù ká ṣílé."

"Ìyá mi ni," ló dáhùn.

Ọmọkùnrin náà wo aago rẹ̀. Bírikilà ló ní òun ń lọ pe ọlọ́pàá, bó bá sì wu ẹnikẹ́ni kó lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

Aránṣọ náà kò dúró dè wọ́n, ilé ló forí lé. Bàbá rẹ̀ jókòó sí iwájú ilé, níbi tó gbé e sí lẹ́yìn tó wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.

"Bàbá, wọ́n ti fọ́ ògiri yẹn."

Bàbá arúgbó náà kò béèrè ògiri wo. "Ṣé ó ṣì ń ránṣọ?"

"Kí lẹ ṣe sí ìyá mi?"

"Èmi kọ́. Olówó yẹn ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìyá rẹ ṣubú lu máṣíìnì, ó ti kú. Bóyá ó ṣubú ni o, bóyá wọ́n tì í ni o, n ò wádìí. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá jáde, orúkọ òun á bàjẹ́. Ó ní kí n dí yàrá náà, òun á fún mi ní ilẹ̀ àti gbogbo ohun tí n ó fi kọ́lé."

"Ilé wo?"

"Èyí tá a wà yìí."

Obìnrin kan gba ojú títì kọjá, ó kí wọn. Àwọn méjèèjì dá a lóhùn.

"Bíríkì mẹ́ta ló kù," ni bàbá náà wí. "Mo gbọ́ máṣíìnì."

"Ẹ ò sì wò ó?"

"Ẹ̀rù bà mí. Bó bá jẹ́ iwin, á pa mí. Bó bá sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí i."

Omijé ń wá sójú aránṣọ náà, kò sì jẹ́ kó jáde. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi pé wọ́n bá ọkùnrin lọ?"

Ó wò ó bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ló bi òun.

"Kí o má baà wá a ni."

Kò sì wá a. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń gba iwájú ilé olówó yẹn kọjá, ní àlọ àti ní àbọ̀, kò dúró lọ́jọ́ kan kó béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń tutọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ni, tí yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.