Ohun Tí Bàbá Kò Kà Mọ́ Oúnjẹ

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Níbo! Mi ò tíì fẹnu ba nǹkan kan. Láti àná ni inú mi ti ṣófo báyìí."

Khairiyyah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàbá rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Bàbá Kàsímù jókòó sídìí máṣìnì ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, tí wọ́n fi báńdéèjì dì, lé orí àpótí. Ike yógọ́ọ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì. Khairiyyah fúnra rẹ̀ ló rà á. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó rò pé oúnjẹ ni.

Abẹ́rẹ́ máṣìnì tó ṣẹ́ sílẹ̀ ló gún Bàbá ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá títí ó fi di egbò. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́.

"Bàbá," dókítà wí, "ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ó fi wò ó. Ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ má fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mọ́. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín bá wálẹ̀, egbò yìí lè jinná. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ̀rù ẹsẹ̀ yìí ń bà mí."

Láti ogójì ọdún ni Bàbá Kàsímù ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ máṣìnì. Kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Khairiyyah tó ń ta híjáàbù ní Ìdúmàgbò ló kù tì í.

Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ dókítà ṣeré. Ọjọ́ náà gan-an ló kó gbogbo ṣúgà ilé dànù. Ẹ̀bà tó máa ń ga bí òkè tẹ́lẹ̀ wá kéré bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́.

"Khairi," Bàbá wí, ó tẹjú mọ́ àwo, "ṣé ẹ̀bà nìyí àbí oògùn? Ṣé kí n fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́ ni, àbí kí n fi omi gbé e mì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ebi ń pa á. Kò pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín.

Ìyá Haleem tó ń gbé yàrá kejì kò lè mú un mọ́ra. "Khairiyyah, o fẹ́ fi ebi pa Bàbá Télọ̀ ni? Ṣé oúnjẹ aláìsàn ti tán ní Balógun ni? Ra yógọ́ọ̀tì fún wọn. Ra kọnfíléèkì. Ra mọ́ọ̀tì, ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ènìyàn."

"Ṣúgà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ìyá Haleem kó ike yógọ́ọ̀tì àti páálí júùsì jáde láti yàrá rẹ̀. "Ṣúgà wo? O rí ṣúgà níbẹ̀? Wo àwòrán ọkàn tí wọ́n yà sí i lára. Wo ọsàn lára páálí júùsì. Ṣé àwọn tó ṣe é kò mọ ohun tí aláìsàn ń jẹ ni?"

Lóòótọ́, àwòrán ọkàn wà níwájú ike yógọ́ọ̀tì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn Khairiyyah balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò padà sílé láti ọjà láìgbé ọ̀rá kan dání.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ rí dókítà, ìbéèrè kan náà ni. "Kí ni Bàbá ń jẹ?"

"Ẹ̀bà díẹ̀ lálẹ́, sà. Wọn kì í fẹ́ẹ́ jẹun mọ́."

Dókítà á mi orí, á fi kún oògùn. Ṣúgà ń lọ sókè, egbò ń fẹ̀ sí i. Kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Nọ́ọ̀sì Azeemah láti ilé ìlera àdúgbò wá wẹ egbò náà nílé. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí dókítà ń bi wọ́n, èsì kan náà ni wọ́n fún un. Ó wo ojú Bàbá, ó wo ojú Khairiyyah.

"Ẹ má bínú. Ẹ bá mi gbé garawa pàntí yín wá."

"Pàntí kẹ̀, nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú ti Khairiyyah, ṣùgbọ́n ó gbé e wá. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, ó ń kó ohun inú garawa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ike yógọ́ọ̀tì mẹ́ta, ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́rin, páálí júùsì kan, ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá kọnfíléèkì oní-wàrà.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi kó èyí jọ?"

"Àná àti ìjẹta."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Èmi ni," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ìpanu nìyẹn, ọmọ mi. Oúnjẹ lẹ bi mí."

Nọ́ọ̀sì Azeemah yí ike yógọ́ọ̀tì kan padà, ó nà án sí Khairiyyah. "Ẹ bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀."

Khairiyyah kà á. Omi ló ṣáájú. Ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ṣúgà ni wàrà wà.

"Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ tún wo bisikíìtì. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, lẹ́yìn náà omi gúlúkóòsì. Ṣúgà náà nìyẹn, orúkọ ló yí padà. Ẹ wá wo iye ṣúgà tí wọ́n kọ sára ìgò mọ́ọ̀tì yìí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá mu ìgò náà tán ti mu ṣúgà yẹn lọ́nà mẹ́ta."

Ìyá Haleem ti yọjú. "Họ́wù! Ṣé kí ẹnikẹ́ni má panu mọ́ ni?"

"Ìyá mi, ẹni tára rẹ̀ le lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kà á mọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà. Ti Bàbá yàtọ̀. Àfi bí ṣúgà wọn bá já wálẹ̀ lójijì, tí ara wọn ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n. Ìgbà yẹn ni ohun dídùn di oògùn fún wọn."

Ike náà ṣì wà lọ́wọ́ Khairiyyah. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣì máa jinná?"

Nọ́ọ̀sì Azeemah fi ìka tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bàbá. Kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú."

Wọ́n gbìyànjú. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, àti òkèlè díẹ̀ ní àkókò tó yẹ. Bàbá yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣúgà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò dúró dè wọ́n. Ìka ẹsẹ̀ méjì di dúdú, òórùn egbò sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé tùràrí kò lè bò ó mọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ní ọjọ́ kẹta tí Bàbá padà sílé, ó ní kí Khairiyyah gbé omi àlùwàlá wá fún ìrun Àláásárì. Ó fọ ojú, ó fọ apá, ó fi omi pa orí. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ ya àárín ọmọ ìka rẹ̀ dáadáa. Ó wá tẹ bútà síhà ẹsẹ̀ òsì, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré. Omi náà dà sórí símẹ́ńtì.

Ó wo omi náà títí.

"Khairi, mi ò purọ́ fún dókítà."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ohun tí mo mọ̀ sí oúnjẹ ni mo sọ."

Khairiyyah kúnlẹ̀, ó fi àkísà nu ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ohunkóhun tó bá ti gba ọ̀fun kọjá, oúnjẹ ni, ì báà wá láti inú ìkòkò, ì báà wá láti inú ike. Bí wọ́n bá bi yín ní ilé ìwòsàn pé kí lẹ jẹ, ẹ ka mọ́ọ̀tì, ẹ ka bisikíìtì, ẹ ka èyí tí ẹ mu lórí ìdúró lọ́jà. Ẹ má gba àwòrán iwájú ike gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ṣúgà bá wà lára ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́. Alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ febi panú: ẹ fún un ní oúnjẹ gidi níwọ̀nba, ẹ jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí egbò rẹ̀ lè má dùn ún.

Bí aláìsàn bá wà nílé yín, ẹ tú garawa pàntí yín wò lónìí, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì pé méjì.