Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Tí Falilat Kò Dá Lóhùn

“Bándélé, kó ẹrù rẹ! Ìlọ́fà ìlú yín ò jìnnà, ọkọ̀ ṣì wà!”

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, ọ̀gá ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀sí, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1988. Kọ̀ǹpútà Unix kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní ti fẹ́ dákú, ó sì gbà pé ètò tí Bándélé kọ fún un ló fà á. Béèyàn bá tẹ lẹ́tà kan, ó lè jẹ ẹ̀bà, kó fọwọ́, kí lẹ́tà náà tó yọjú.

“Sà, mi ò ṣe nǹkan kan! Bó bá jẹ́ èmi ni, kí n fẹsẹ̀ rìn délé!”

“O máa fẹsẹ̀ rìn ín náà!”

Inú Falilat dùn. Òun àti Bándélé, tí wọ́n jọ ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ẹgbẹ́ sì máa rán lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin. Bí Bándélé bá lọ sílé, òun ló kù.

“Sà, ẹ jẹ́ kí n wá ẹ̀rí fún yín,” ló wí. Ó jókòó, ó tẹ ps, àṣẹ tó ń to orúkọ gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Orúkọ tò gẹgẹẹrẹ! Bí ọgọ́ta nínú wọn ló ní defunct lára: iṣẹ́ tó ti parí, tí orúkọ rẹ̀ ò kúrò nínú ìwé, tí kò jẹ́ kí tuntun rí àyè wọlé. Iṣẹ́ kan sì wà láàyè láàárín wọn tó ń wú bíi gàrí inú omi, tó ń gba àyè ẹ̀rọ mọ́ra.

Falilat wá orúkọ bàbá wọn, ìyẹn ètò tó rán gbogbo wọn níṣẹ́. Kì í ṣe ètò Bándélé. Tirẹ̀ ni, èyí tó ń tẹ káàdì àwọn àgbẹ̀, òun náà ló sì ń wú!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ tí a rán níṣẹ́ á padà wá jíṣẹ́, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àgbà á fi sọ pé, “O ṣeun, máa lọ.” Ètò Falilat ń rán ọmọ iṣẹ́ kan fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Lánàá, kó lè yá ju ti Bándélé lọ, ó yọ ìlà tó ń dá wọn lóhùn, ó tún yọ ìlà tó ń dá àyè tí ètò náà yá lọ́wọ́ ẹ̀rọ padà. Ó yá lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Bọ́tìnì ẹ̀rọ wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Bó bá pa á, tó tún tàn án, ẹ̀rí parẹ́ nìyẹn.

“Falilat, ọmọ Òkè-Ọ̀pin,” ni Bándélé wí, ó ń fi okùn di báàgì, “ṣé o ti rí òkú tí mo pa?”

Falilat dìde. “Sà, mo ti rí ọ̀daràn náà.”

“Ta ni?”

“Èmi ni, sà.”

Ọ̀gá fẹ́ jókòó. Kò sí àga lẹ́yìn rẹ̀. Gbì!

Kí wọ́n tó gbé e dìde tán, Falilat ti pa ètò náà. Bí bàbá wọn ti kú báyìí, init, baba ńlá gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, gba àwọn ọmọ náà, ó dá wọn lóhùn, orúkọ wọn sì parẹ́. Falilat kọ àwọn ìlà tó yọ padà. Títí ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ káàdì, tó ń tẹ ps. Ètò náà falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò dákú mọ́.

“Bándélé ló ń lọ Ìlọrin,” ni Ọ̀gá wí.

Omi lé ròrò lójú Falilat. “Ó tọ́, sà.”

“Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀! Láti ọ̀la, ìwọ lo ó máa yẹ iṣẹ́ gbogbo wa wò. O mú ara rẹ. Ó dájú pé wàá mú èmi náà.”

Ọjọ́ náà ló yé Falilat pé iṣẹ́ tí a bá fi ẹ̀tàn mú yá, orí ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ̀ sí, àti pé kéèyàn tó nàka sí ẹnikẹ́ni, kó yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje àárọ̀, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ Ọ̀gá ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.