Wọn Ò Béèrè Ohun Tí Adétutù Ń Gbìn

Bí ẹ bá mọ Boaz, àgbẹ̀ tó ń dáko lẹ́yìn ìlú Kábà, ẹ ó ti mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í fọkàn tán ènìyàn bọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ta ajílẹ̀ fún un, á tú àpò náà, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Tí àwọn tó ń ra kajú bá gbé òṣùwọ̀n wọn dé, Boaz á kọ́kọ́ gun orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ó mọ bí òun ṣe wúwo tó. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jọ ọ́ lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òun àti Adétutù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sábẹ́ igi kajú, wọ́n ń gé ẹ̀bù iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn. Adétutù kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bù tirẹ̀ kì í jẹrà. Wẹ́wẹ́ ló ń gé e, á rì í bọ omi eérú, á sì tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Iṣu tí bàbá rẹ̀ ń rí ẹ̀bù mẹ́rin gé nínú rẹ̀, ogún ni ọmọ ń rí.

Fóònù ọmọ náà dún. Ó wo ẹni tó ń pè é, ó dìde, ó sì lọ gbà á lẹ́yìn abà.

Boaz dá ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo oko ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, kí ló wá gbé e lọ sẹ́yìn abà?

"Ta nìyẹn?" ló bi í nígbà tó padà dé.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, Bàbá."

Nígbà tó délé lọ́sàn-án, Naomi ìyàwó rẹ̀ ló lọ bá, nítorí Naomi ò mọ irọ́ pa. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n mú ọmọ yín fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ítálì," ni Naomi wí. "Àgbẹ̀ mẹ́wàá péré ni wọ́n mú nílẹ̀ Okun. Ọdún kan ni wọ́n á fi kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ti òde òní. Oúnjẹ, ibùsùn, owó ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Ta ló mú un?"

"Dókítà Adétáyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orí fóònù ni Adétutù ti rí i."

"Ìwọ ti rí i rí?"

"Mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi í pa mọ́ fún mi?"

Naomi wolẹ̀. "Òun ló ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn elénìní má baà ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀yin náà, Bàbá Adétutù, a kúkú mọ̀ yín."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?"

"Ọjọ́bọ̀. Mọ́tò á gbé wọn ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ó di Kánò, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò ná. Ibẹ̀ ló ti máa fún dókítà ní ìwé ìrìnnà ẹ̀."

Ẹ̀rù ba Boaz. Ó rántí ọmọ tíṣà kan ní Ìsánlú tó lọ báyìí, tí wọ́n ní iṣẹ́ aṣọ rírán ló lọ kọ́. Ọdún mẹ́ta rèé, ìyá rẹ̀ ò tí ì gbúròó rẹ̀.

Nígbà tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Adétutù, ọmọ fárí gá.

"Bàbá, ta lẹ gbà gbọ́ rí? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní Ọ̀gbẹ́ni Andrew fún yín ní òkú irúgbìn. Mi ò sá fún iṣẹ́ oko o. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ iṣu kan di ọgọ́rùn-ún ni. Tí èyí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ibo ni mo ti máa rí òmíràn?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Boaz, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ti fura sí gbogbo ayé, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ewu bá dé lóòótọ́?

Ẹnì kan ṣoṣo ni Boaz mọ̀ tó lè mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí, Andrew yìí kan náà ni. Òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà níṣẹ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí àgbàdo tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò hù ni Boaz ti ń gba ọ̀nà mìíràn tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lábẹ́ igi òdòdó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Andrew fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Lẹ́yìn náà ló wọlé.

"Okun o, Bàbá," ni Andrew kí i, bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra gbẹ̀yìn.

"Okun."

Boaz ro ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Andrew ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó gbé Boaz sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó di ilé. Wọ́n bá Adétutù níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Adétutù, mi ò wá láti sọ pé irọ́ ni," ni Andrew wí. "Ìbéèrè ni mo ní. Kí ni wọ́n bi ọ́ kí wọ́n tó mú ọ?"

"Ọjọ́ orí mi. Bóyá mo ti lọ́kọ. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, èyí tó máa hàn láti orí dé ẹsẹ̀."

"Ṣé wọ́n bi ọ́ ní ohun tó ò ń gbìn?"

Adétutù ronú. "Rárá."

"Bí oko rẹ ṣe tóbi tó ńkọ́? Bó o ṣe ń tọ́jú ẹ̀bù?"

"Rárá."

"Kí lorúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà?"

"Wọ́n ní a máa gbọ́ tá a bá dé Kánò."

"Físà ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti jáde."

"Inú ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń lẹ físà mọ́," ni Andrew wí. "Ìwé tìrẹ dà?"

Adétutù wo báàgì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé náà wà, kò tí ì kúrò nílé rí. Síbẹ̀ kò fẹ́ gbà. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tiwọn yàtọ̀."

"Pe ọkùnrin náà," ni Boaz wí. "Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀, kí gbogbo wa sì máa gbọ́."

Dókítà Adétáyọ̀ gbé e kíákíá. Boaz sọ ohùn rẹ̀ di ti arúgbó tí ọ̀rọ̀ dà láàmú.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni bàbá Adétutù. Mi ò lè fi yín sínú òkùnkùn. Irọ́ lọmọ yìí pa fún yín, kì í ṣe àgbẹ̀. Irun ló ń dì. Kò di ọkọ́ mú rí láyé ẹ̀."

Adétutù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Eérú tó fi pa ẹ̀bù láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò ní wàhálà, Bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kan oko. Kí ara ẹ̀ ṣáà ti dá, kó má sì tí ì bímọ. Ẹ ní kó má gbàgbé ìwé ìrìnnà ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ káwọn aládùúgbò gbọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Boaz wí, ó sì pa fóònù.

Naomi tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ jókòó lé báàgì náà lórí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti sọ fún un nípa ẹ̀bù mi," ni Adétutù wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná."

Andrew ní kó má pa nọ́ńbà náà rẹ́, kó má sì pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú èyí tí wọ́n jọ sọ. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò. Adétutù pe ọmọbìnrin kan tó mọ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ lọ, Miriam, ní Ẹ̀gbẹ̀. Miriam bú u pé ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún Boaz, kò lọ sí Ayétòrò ní Ọjọ́bọ̀.

Mọ́tò ò wá. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò sì lọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí Boaz lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Andrew, ó dìde tán kó tó rántí ohun kan.

"Àgbàdo ọjọ́ yẹn," ló wí. "Òkè àjà ìdáná ni mo gbé e sí. Ooru iná ló pa á."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Andrew dá a lóhùn. "Mo rí àmì èéfín lára àpò rẹ̀."

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Andrew mú fọ́ọ̀mù kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan lókè òkun. Boaz àti Adétutù fúnra wọn wá nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n pè é, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Àbújá. Boaz ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ̀yìn tojú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni: kí lo ń gbìn, báwo lo sì ṣe ń gbìn ín? Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò gba ìdáhùn Adétutù. Ó ní kí wọ́n wá ìwé sí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè wà lóòótọ́, ọmọ yín sì lè rí i gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ìwé ìrìnnà yín fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ fúnra yín pè wọ́n, kì í ṣe lórí nọ́ńbà tí ẹni tó fẹ́ mú yín lọ fún yín. Kí ẹ sì máa rántí pé ìfura nìkan ò tó. Boaz fura, ṣùgbọ́n ìgbà tó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó yè.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ àgbẹ̀, oko rẹ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ nìkan ló ń béèrè, ara rẹ ló fẹ́ tà.